Kíláàsì orin àti ijó fún ọmọ ọwọ́ ní Èkó: ọ̀nà mẹ́rin tó wà níwájú òbí, àti bí a ṣe lè yan èyí tó yẹ

Òbí tó ń gbé ní Èkó, tó sì fẹ́ kí ọmọ òun tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta máa rí orin kọ, kó sì máa rí ijó jó lọ́nà tó létò, yóò rí ọ̀nà mẹ́rin níwájú rẹ̀. Èkíní ni kíláàsì tí ń tẹ̀lé ìlànà tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun, irú èyí tí òbí sábà máa ń wá lọ sí Ìkòyí, Victoria Island àti Lekki. Èkejì ni kíláàsì kékeré tí onílù tàbí olùkọ́ orin kan ń ṣe nínú pálọ̀ rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lábẹ́ ibòji nínú ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń fi ìlù, agogo àti orin Yorùbá kọ́ ọmọ. Ẹ̀kẹta ni àkókò orin tí ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ń fi sínú ètò ọjọ́ wọn. Ẹ̀kẹrin ni ilé: ìyá, bàbá, ìyá àgbà àti àwọn ará ilé tí wọ́n pinnu pé àwọn yóò máa kọrin fún ọmọ, tí àwọn yóò sì máa gbé e jó lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà.

Mo fi ẹ̀kẹrin yìí sínú ìfiwéra náà tọkàntọkàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ni ń ná owó gọbọi lórí èkíní láìmọ̀ pé ohun tó níye lórí jù nínú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn nílé. Bí òbí bá sì bi mí pé kí ni òun ó kọ́kọ́ wò kí òun tó sanwó, èsì mi kò yí padà: ẹ wo ẹni tí yóò máa gbé ọmọ náà jó. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kí ẹ wo èdè tí wọ́n fi ń kọrin àti bí ariwo yàrá náà ṣe pọ̀ tó. Orúkọ ìlànà tí wọ́n kọ sára ògiri lè gbẹ̀yìn.

Ohun tí ara ọmọ lè gbà

Kí a tó fi kíláàsì kan wé òmíràn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọmọ lè ṣe ní oṣù tó wà. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, Jessica Phillips-Silver àti Laurel Trainor, jẹ́ kí àwọn ọmọ oṣù méje gbọ́ ìlù kan tí gbogbo rẹ̀ ń dún bákan náà, tí ibì kankan kò le ju ibòmíràn lọ nínú rẹ̀. Bí ìlù náà ti ń lọ, wọ́n ń gbé àwọn ọmọ kan sókè-sódò ní méjì-méjì, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan fún ìró ìlù méjì, wọ́n sì ń gbé àwọn yòókù ní mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan fún ìró mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n wá lu ìlù tó ní ibi líle fún wọn, ọmọ tí wọ́n gbé ní méjì-méjì tẹ́tí pẹ́ sí èyí tó ń lọ ní méjì-méjì, èyí tí wọ́n gbé ní mẹ́ta-mẹ́ta sì yan tirẹ̀. Àwọn ọmọ tí a kò gbé rárá, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń wo àgbàlagbà tí ń fò sókè-sódò níwájú wọn, kò fi irú àyànfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn. Ara ọmọ ni ó kọ́ etí rẹ̀. Nítorí náà, kíláàsì tí wọ́n bá to ọmọ oṣù méje sórí àga kéékèèké, kí wọ́n máa wo àǹtí tí ń jó, ti ṣe àṣìṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ijó àǹtí náà dára tó.

Ohun kejì tó yẹ kí òbí fi sọ́kàn ni pé ọjọ́ orí nìkan kò tó láti fi pín ọmọ. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n ìdàgbàsókè ọmọ jáde ní ọdún 2006, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀lé àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè márùn-ún tí Gánà aládùúgbò wa wà lára wọn, wọ́n rí i pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ó sì lè di oṣù kẹtàdínlógún ó lé díẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé nínú kíláàsì tí wọ́n pè ní ti ọmọ ọdún kan, ọ̀kan lè máa sáré, kí èkejì máa rá, kí ara àwọn méjèèjì sì pé. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yóò ní ohun tí ẹni tí ń rá lè ṣe sí orin kan náà tí ẹni tí ń sáré ń sáré sí.

Ibí ni àwọn ìlànà òkè òkun ti yàtọ̀ síra wọn. Kindermusik, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Jámánì ní àwọn ọdún 1960, sábà máa ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn. Music Together, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987, máa ń kó ọmọ ọwọ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn àti ọmọ ọdún mẹ́rin pọ̀ sínú yàrá kan pẹ̀lú òbí wọn. Bí ẹ bá ní ọmọ méjì tí wọn kò jìn síra, ìlànà ìkópọ̀ yóò gbà yín lọ́wọ́ sísan owó lẹ́ẹ̀mejì àti rírìn lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò yóò sì máa kọ́ lára ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín kò bá tíì lè jókòó fúnra rẹ̀, mo fara mọ́ ẹgbẹ́ tó dá dúró, nítorí pé ọmọ ọdún méjì tí ìlù ti gùn kì í wolẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀. Kíláàsì onílù ti àdúgbò kì í sábà pín ọmọ rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ẹní ọ̀tọ̀ wà fún àwọn tó ṣì ń dọ̀bálẹ̀.

Ta ni yóò gbé ọmọ jó?

Ìwádìí mìíràn láti yunifásítì kan náà, tó jáde ní ọdún 2012, kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀lé wọn fún oṣù mẹ́fà. Ní apá kan, òbí àti ọmọ jọ ń kọrin, wọ́n jọ ń lu nǹkan, wọ́n sì ń tún àwọn orin kan náà kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí ọmọ fi mọ̀ wọ́n. Ní apá kejì, orin kàn ń lọ lábẹ́lẹ̀ láti inú ẹ̀rọ, nígbà tí òbí àti ọmọ ń fi ohun ìṣeré ṣeré. Ìwádìí kékeré ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó jáde nínú rẹ̀ hàn kedere. Àwọn ọmọ apá kìíní ń nàka sí ohun tí ọwọ́ wọn kò tó, wọ́n ń juwọ́ sí ẹni tí ń lọ, ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ó sì rọrùn láti rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ẹ̀rọ tí ń kọrin fún ọmọ ní igun yàrá kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnu òbí ń ṣe.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún fi hàn pé ọmọ oṣù mẹ́rìnlá tí wọ́n gbé sókè-sódò ní ìbámu pẹ̀lú àgbàlagbà kan tó dúró níwájú rẹ̀ máa ń tètè ran onítọ̀hún lọ́wọ́ láti mú ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ju ọmọ tí wọ́n gbé láìbá onítọ̀hún mu lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pọn ọmọ jó ní òde àríyá ní Èkó ti ń ṣe irú èyí tipẹ́: ìyá ń jó, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń bá a jó, ìlù kan náà ló sì ń gbé àwọn méjèèjì.

Bí a bá fi ojú yìí wò wọ́n, kíláàsì ìlànà òkè òkun ló létò jù. Wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ di dandan pé kí àgbàlagbà kan jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó máa kọrin, kó máa gbé e, kó máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àléébù tó ń wọ inú rẹ̀ ní ìlú wa ni pé ìyá wà níbi iṣẹ́, bàbá wà níbi iṣẹ́, olùtọ́jú ọmọ ni wọ́n wá rán lọ. Èmi kò rí ibi nínú èyí bí olùtọ́jú náà bá jẹ́ ẹni tó wà pẹ̀lú ọmọ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun tó burú ni kí wọ́n ní kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kó di báàgì mú, kó máa wò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ẹ sọ fún olùkọ́ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé pé ẹni tí ẹ rán wá ni yóò máa kọrin, kí ẹ sì jẹ́ kó máa kọ àwọn orin náà fún ọmọ nílé láìtijú.

Kíláàsì onílù lè dára ju èyí lọ, ó sì lè burú jù ú lọ, nítorí pé ẹni tí ń kọ́ni ni ohun gbogbo dúró lé. Onílù tó ti fi ọdún gbogbo lù fún àríyá lè gbàgbé pé ọmọ ni òun ń lù fún, kó wá sọ kíláàsì di eré tí òbí ń fi fóònù ká sílẹ̀. Mo ti rí èyí tó dára. Ní Súrùlérè, bàbá onílù kan fi gángan rẹ̀ kọ́ ògiri kí àwọn ọmọ tó wọlé, ó mú sákárà kékeré kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá, ó sì ń fi ìka lu sákárà náà jẹ́jẹ́. Ìyá kan sún ọmọ rẹ̀ síwájú kó lè ya á ní fọ́tò pẹ̀lú onílù. Bàbá náà dáwọ́ ìlù dúró, ó ní, “Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà sórí ẹsẹ̀ yín. Ojú yín ni kó máa wò bí ẹ ti ń kọrin.” Ìyá náà fi fóònù sínú báàgì. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ gbá itan ìyá rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìlù, nígbà mìíràn lẹ́yìn ìlù. Bí ẹ bá rí irú olùkọ́ báyìí ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ní ti jẹ́lé-ó-sinmi, òbí kò sí níbẹ̀ rárá, àwọn àǹtí díẹ̀ ló sì ń tọ́jú ọmọ púpọ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní àkókò orin. Bí ó bá jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń tàn kí àwọn ọmọ máa wo àwòrán tí ń jó, ẹ má ṣe kà á sí kíláàsì orin. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má ṣe jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù, àti pé ti ọmọ ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àǹtí ń jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó ń pe orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú orin, tí ó sì ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé ohun rere wà níbẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ni òbí ti lè ṣe èyí lójoojúmọ́. Ìmọ̀ràn ọdún 2019 yẹn tún sọ pé ó yẹ kí ọmọ tí kò tíì lè rá tàbí rìn máa dojú bolẹ̀ ṣeré fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, kí ọmọ ọdún kan sí méjì sì máa gbé ara rẹ̀ kiri fún ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, ní díẹ̀díẹ̀. Kíláàsì tí ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kò lè dé ibẹ̀ láé. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, tó ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, tó sì ń ki oríkì rẹ̀ bó ti ń fi òróró pa á lára, ti fún un ní orin àti ìgbòkègbodò ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó ṣáà má ṣe jù ú sókè, kí ó má sì ṣe gbọ̀n ọ́n, nítorí pé ọrùn ọmọ jòjòló kò tíì le.

Èdè tí wọ́n fi ń kọrin

Nínú orin Yorùbá, ohùn orin máa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti lọ sókè ni orin sábà máa ń lọ sókè, ibi tó bá ti wálẹ̀ ni ó máa ń wálẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ orin bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ èdè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí púpọ̀ láti rí i pé ọ̀pọ̀ kíláàsì olówó gọbọi ní ìlú yìí kì í kọ ẹyọ orin Yorùbá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá nígbà tí àwọn ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé kò ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Zoltán Kodály, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ orin ń pe orúkọ rẹ̀, tó kú ní ọdún 1967, fi orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kọ́ni. Èdè abínibí ọmọ ni kó kọ́kọ́ fi kọrin kó tó kọ ti ẹlòmíràn. Shinichi Suzuki, olùkọ́ fayolíìnì ti ilẹ̀ Japan, náà gbé ìlànà tirẹ̀ ka orí bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ títí tí òun náà fi ń sọ ọ́. Olùkọ́ ní Lekki tó bá sọ pé ìlànà Kodály ni òun ń lò, tí àwọn orin rẹ̀ sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀, kò tíì lò ó.

Ní ibí yìí, kíláàsì onílù àti ilé borí. Èyí kò ní kí ẹ sá fún kíláàsì òkè òkun. Ẹ kàn lè bẹ olùkọ́ kó fi orin méjì tàbí mẹ́ta tí ọmọ mọ̀ nílé sínú ètò rẹ̀, olùkọ́ gidi yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ìyá bá jẹ́ Ègùn tàbí Ìgbò, kó mú orin tirẹ̀ wá pẹ̀lú. Àwọn ohun èlò òkè òkun pàápàá kò ṣe àjèjì sí orin wa. Carl Orff àti Gunild Keetman, olùkọ́ orin méjì ní Jámánì, ṣe ohun èlò onígi tí ènìyàn lè yọ àwọn igi kan kúrò lórí rẹ̀ kó ku ohùn márùn-ún péré, kí ọmọ lè máa lu èyí tó wù ú láìsí pé ó lu ohun tí kò bára mu. Ohùn márùn-ún sì ni ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa ń lò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí fayolíìnì àti dùùrù: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó ẹ̀kọ́ fayolíìnì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ ní kó jẹ́ kí ọmọ dàgbà díẹ̀ sí i. Émile Jaques-Dalcroze, olùkọ́ orin ti Switzerland, ti kọ́ni tipẹ́ pé ara ni ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìlù kí ọwọ́ tó kan ohun èlò.

Ariwo

Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún àwọn ọmọdé tí ń fi ẹ̀rọ gbọ́ orin kò ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó) 75 lọ fún wákàtí ogójì lọ́sẹ̀, nígbà tí ti àgbàlagbà jẹ́ 80. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá yàrá kan ti kọjá ààlà: ẹ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ẹnì kejì yín nígbà tí wọ́n ń lù, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní láti pariwo kó tó gbọ́ yín, ariwo náà ti pọ̀ jù fún etí ọmọ.

Lórí èyí, kíláàsì onílù ló léwu jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dùndún, bàtà àti agogo nínú pálọ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí kò sí kápẹ́ẹ̀tì, tí kò sí aṣọ fèrèsé tó nípọn, máa ń dún padà láti ara ògiri. Bàbá onílù tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan fi àkísà we orí ọ̀pá agogo rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tẹ́ ẹní méjì léra. Kíláàsì òkè òkun sábà máa ń wà nínú yàrá tó ní kápẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi sípíkà ńlá ṣiṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n dín in kù, ẹ má sì tijú láti sọ ọ́. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Bí ó bá wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, ariwo rẹ̀ àti èéfín rẹ̀ yóò máa wọlé, àǹtí yóò sì máa kígbe orin lé e lórí.

Ohun tí ọmọ ń fi sẹ́nu

Ohun gbogbo tí ẹ bá fún ọmọ oṣù mẹ́jọ ni yóò gbé sẹ́nu. Nítorí náà ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àgbàlagbà, tí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ wà lára àwọ̀n rẹ̀, kò yẹ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹ di àwọ̀n náà mú, ẹ fà á gan-an, ẹ sì wo ìdí okùn rẹ̀: bí okùn bá ti ń tú, ìlẹ̀kẹ̀ kan lè já bọ́ sẹ́nu ọmọ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ohun yòówù tó bá lè wọ inú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ lè há ọmọ lọ́fun. Àwọn ohun èlò ike tí kíláàsì òkè òkun ń lò sábà máa ń dára ní ti èyí, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ kan ni wọ́n ń ti bọ́ sí ẹnu ọmọ mìíràn; ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Nílé, ìrẹsì díẹ̀ nínú ìgò ike kékeré tí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí rẹ̀ pa ti tó, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò déédéé.

Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sáàárín àwọn ọmọ mìíràn, ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò fò. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń gba ti èèyi àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè wa, ìkejì sì ni oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ọ̀nà àti owó

Òbí ní Gbàgádà tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní Ìkòyí yóò gba orí Third Mainland Bridge, afárá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjìlá. Bí ọ̀nà bá já gaara, kò sí wàhálà. Bí ó bá di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọmọ yóò sùn nínú ọkọ̀, wọn yóò jí i nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, yóò fi ìdajì kíláàsì sunkún, ebi yóò sì tún pa á nígbà tí wọ́n bá ń padà. Ìlànà tí mo fi ń gba òbí nímọ̀ràn ni pé bí àlọ nìkan bá gùn ju kíláàsì fúnra rẹ̀ lọ, kíláàsì náà kò yẹ ọmọ yín, bó ti wù kó dára tó. Ẹni tó ń gbé ní agbègbè Mile 2 tàbí Orílé ní àǹfààní kan báyìí: ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ń lọ tààrà láti Mile 2 dé Marina láìbá ọkọ̀ orí títì du ọ̀nà, láti ibẹ̀ sì ni Oníkan kò jìnnà.

Ní ti owó, ẹ má ṣe wo iye tí wọ́n kọ sínú ìwé nìkan. Ẹ fi owó ọkọ̀ tàbí epo kún un, ẹ fi ti olùtọ́jú ọmọ kún un, kí ẹ wá fi iye ọjọ́ tí ọmọ yóò lè lọ ní tòótọ́ pín in, kí ẹ yọ ọjọ́ òjò àti ọjọ́ ibà kúrò. Kíláàsì òkè òkun sábà máa ń gba owó sáà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ tí ọmọ bá pa jẹ lè padà wá lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ sì gba èsì náà sínú ìwé. Kíláàsì onílù lè gba owó ọjọ́ tí ẹ bá wá nìkan. Jẹ́lé-ó-sinmi a máa ka tirẹ̀ mọ́ owó ilé-ìwé, àyàfi àwọn tó ń gba àfikún, tí ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí àfikún náà wà fún.

Ibi tí mo fì sí

Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ilé ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì pa owó mọ́. Orin tí ẹ mọ̀, ohùn yín bó ti rí, ọmọ lórí àyà tàbí lẹ́yìn yín: ó tó. Àyàfi bí ìyá bá dá wà, tí kò ní ẹbí nítòsí, tí àárẹ̀ àti ìdánìkanwà ń dà á láàmú. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílò yàrá tí àwọn ìyá mìíràn wà, kíláàsì tó sún mọ́ ilé sì lè jẹ́ ìrànwọ́ ńlá fún un.

Láti oṣù mẹ́fà dé ọdún kan ààbọ̀, èyí tó sún mọ́ ilé nínú kíláàsì òkè òkun àti kíláàsì onílù ni kí ẹ mú, bí òbí tàbí olùtọ́jú bá lè máa kópa nínú rẹ̀. Bí méjèèjì bá sún mọ́ ilé, ti onílù ni èmi yóò yàn nítorí èdè, bí ariwo rẹ̀ bá mọ níwọ̀n. Láti ọdún kan ààbọ̀ dé ọdún mẹ́ta, nígbà tí ọmọ ti ń sáré tó sì ń fẹ́ ẹgbẹ́, àyè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Yàrá tó gbòòrò, tí kò sí tábìlì onígun mímú níbẹ̀, tàbí ọgbà tí wọ́n gé koríko rẹ̀, dára ju pálọ̀ tó kún fún àga lọ. Ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ti rẹ̀. Kíláàsì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ yóò pọ̀ jù fún un. Ẹ kúkú lo wákàtí yẹn láti bá a jó nílé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó wo kíláàsì kan. Ẹ ṣọ́ ohun tí olùkọ́ ń ṣe sí ọmọ tí kò fẹ́ jó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò jókòó jẹ́ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí wọn yóò máa wo ohun gbogbo, tí wọn yóò sì padà délé lọ kọ gbogbo orin náà nínú ilé ìwẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, tó ń pe orúkọ rẹ̀ láìfi agbára fà á dìde, mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́fà tí kì í yíjú sí ohùn yín, tí ìlù dún lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ta gìrì, tàbí tó ti pé oṣù méjìdínlógún tí kò tíì dá rìn, ẹ má ṣe dúró de kíláàsì kankan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí àti ara rẹ̀ wò: ilé ìwòsàn ọmọdé ti Massey Street wà ní Lagos Island, LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, sì wà ní Ìkẹjà.